Irin Amóhùnmì Lára Gìtá Ẹ̀gbọ́n Mi

 Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí ẹ bá ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá yín tán, ẹ sún mọ́ rédíò dáadáa. Ọ̀rọ̀ irin kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ ni mo fẹ́ bá yín sọ lálẹ́ yìí, irin tí a máa ń dè mọ́ ìdí gìtá oníná kí ohùn gìtá náà lè máa mì bí ohùn ẹni tí ń kọrin tọkàntọkàn. Ó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn olórin nìkan ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní sùúrù bá mi dé òpin, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ilé ni, ọ̀rọ̀ ogún sì ni pẹ̀lú.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jẹ́ onígìtá. Iṣẹ́ ìjọba ni ó ń ṣe láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ Àbámẹ́ta bá ti dé, gìtá ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ń ṣe ìgbéyàwó ní àdúgbò wa, tàbí tí wọ́n ń ṣe òkú àgbà, ẹ ó bá òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Owó tí ó ń rí níbẹ̀ ni ó fi ń san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tí owó oṣù kò bá tètè dé. Nígbà tí ó kú, a pín aṣọ rẹ̀, a pín ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kan gìtá náà. Ìyàwó rẹ̀ fi aṣọ wé e, ó sì tì í sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ní ìgbà òjò tí ó kọjá, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí ó ti di ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tí ó sì ń ta gìtá ní ìjọ wọn, gbé gìtá bàbá rẹ̀ wá sí ilé mi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá kékeré, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti tu owó jọ, mo ti ra irin tí ń mú ohùn gìtá mì. Mo sì ti yá ẹ̀rọ ìluhò lọ́wọ́ káfíńtà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi di gìtá yìí mú kí n lu ihò sí i."

Kí n tó dáhùn, ìyá rẹ̀ ti tẹ̀lé e dé. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò wọlé, kò jókòó. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ gbà mí o. Gìtá tí ó tọ́ ọmọ yìí dàgbà ni ó fẹ́ dá ihò sí lára. Ẹ wí fún un kí ó fi í sílẹ̀ bí bàbá rẹ̀ ti fi í sílẹ̀."

Ọmọ náà ní, "Màámi, ẹ má bínú. Gìtá tí ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kò yàtọ̀ sí pákó. Bàbá mi kò rà á kí ó máa sùn."

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, n kò rí ẹni tí mo lè dá lẹ́bi nínú àwọn méjèèjì. Mo gba ẹ̀rọ ìluhò lọ́wọ́ ọmọ náà, mo gbé e sí orí àpótí ìwé mi, mo sì wí pé ẹnikẹ́ni kò ní lu ihò kankan títí a ó fi mọ ohun tí a ń ṣe. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí irin náà ń ṣe. Gbogbo yín ni ẹ ti rí onílù gángan. Bí ó bá fi apá fún ọṣán ìlù mọ́ra, awọ ìlù á le, ohùn rẹ̀ á sì ròkè. Bí ó bá dẹ apá, awọ á dẹ̀, ohùn á sì wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni okùn gìtá rí. Bí a bá fà á le, ohùn rẹ̀ á ròkè. Bí a bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Èèkàn tí ó wà ní orí gìtá ni a fi ń fa okùn le kí a tó bẹ̀rẹ̀ orin, ṣùgbọ́n ẹni tí ń ta gìtá lọ́wọ́ kò lè máa yí èèkàn mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Irin amóhùnmì ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí apá onílù gángan ń ṣe. Ó ń dẹ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ń dá wọn padà sí àyè wọn.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú pẹ́ńsù. Ohùn tí àwọn olórin ń pè ní A jẹ́ ti okùn tí ń mì ní ìgbà 440 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá fẹ́ kí ohùn náà sọ̀kalẹ̀ sí èyí tí ó tẹ̀ lé e nísàlẹ̀, okùn náà yóò máa mì ní nǹkan bí ìgbà 415. Ǹjẹ́ ẹ mọ bí a ó ti dẹ okùn náà tó kí ó tó rí bẹ́ẹ̀? Agbára tí ó fà á yóò dín kù ní nǹkan bí ìdá 11 nínú 100 péré. Òfin rẹ̀ ni pé bí a bá fẹ́ kí okùn kan náà, tí gígùn rẹ̀ kò yí padà, máa mì ní ìlọ́po méjì, a ní láti fà á ní ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, ìyípadà kékeré ni irin amóhùnmì ń ṣe, ṣùgbọ́n lórí ẹrù tí ó wúwo ni ó ti ń ṣe é. Okùn mẹ́fà gìtá oníná jùmọ̀ ń fa ara gìtá pẹ̀lú agbára tí ó tó nǹkan bí 100 pọ́ńdì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò sìmẹ́ǹtì kan. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí irin tí a kò bá dè dáadáa yóò tú lọ́jọ́ kan.

Nípa orúkọ rẹ̀, ẹ ṣọ́ra bí ẹ bá lọ sí ọjà. Ọ̀rọ̀ méjì ni àwọn olórin Òyìnbó ń lò. Vibrato ni wọ́n ń pe kí ohùn máa lọ sókè máa bọ̀ nísàlẹ̀. Tremolo ni wọ́n ń pe kí ohùn máa pariwo sí i kí ó sì máa rọlẹ̀, láìyí ipò rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-iṣẹ́ Fender gbé gìtá Stratocaster jáde ní 1954, tremolo ni wọ́n pe irin amóhùnmì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì ṣe ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí ń mú kí ariwo máa dín máa pọ̀, vibrato ni wọ́n pè é! Láti ìgbà náà ni orúkọ méjèèjì ti dàpọ̀ mọ́ra wọn. Nítorí náà, ẹ má fi orúkọ nìkan ra ọjà; ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí ó ṣe.

Irú irin tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rà ni èyí tí a ń pè ní Bigsby. Paul Bigsby ni ẹni tí ó ṣe é. Ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ni ó ń gbé, kì í sì í ṣe olórin ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ń gbẹ́ igi tí a fi ń ṣe àdàkọ irin yíyọ́ ni, ó sì fẹ́ràn alùpùpù púpọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Merle Travis, jẹ́ onígìtá olókìkí. Gìtá Travis ní irin amóhùnmì àtijọ́ kan, èyí tí Doc Kauffman ti dá sílẹ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n bí ó bá ti lò ó, okùn kì í padà sí ohùn rẹ̀. Travis gbé e tọ Bigsby lọ pé kí ó bá òun tún un ṣe. Bigsby gbìyànjú, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ni ó bá kúkú ṣe tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó fi irin alumíníọ́mù tí a yọ́ dà sínú àdàkọ ṣe é, nítorí iṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn orin jùjú, ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú. Bigsby yìí kan náà wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe irú gìtá tí a ń tẹ́ sílẹ̀, tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ irin rẹ̀ kí ohùn lè máa yọ́ lọ yọ́ bọ̀. Ó ṣe ọ̀kan fún Speedy West ní 1948. Irú gìtá bẹ́ẹ̀ ni Dèmọ́lá Adépọ̀jù wá ń ta nínú ẹgbẹ́ King Sunny Adé, tí gbogbo ayé sì gbọ́ nígbà tí àwo tí wọ́n pè ní Juju Music jáde ní 1982. Bigsby kú ní 1968, ṣùgbọ́n kí ó tó kú, ó ti ta ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fún Ted McCarty, ẹni tí ó ti ṣe ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Gibson tẹ́lẹ̀. Gretsch rà á ní 1999, Fender sì rà á ní 2019. Bí ó ti ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn tó yìí, irin náà fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Ẹ wo bí ó ti rí. Ọ̀pá irin kan wà tí ó dùbúlẹ̀ ní ìdábùú, tí ó lè yí. Èèkàn kéékèèké mẹ́fà wà lára ọ̀pá náà, ara wọn ni a ń kọ́ orí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí. Ọwọ́ irin gígùn kan so mọ́ ọ̀pá náà, òun ni onígìtá ń fi ọwọ́ tẹ̀. Sípíríǹgì kúkúrú kan sì wà lábẹ́ ọwọ́ irin yìí. Okùn ń fa ọ̀pá síwájú, sípíríǹgì ń tì í padà, ìjà àwọn méjèèjì sì dọ́gba. Bí a bá tẹ ọwọ́ irin náà sílẹ̀, sípíríǹgì á fún pọ̀, ọ̀pá á yí díẹ̀, okùn á dẹ̀, ohùn á wálẹ̀. Bí a bá jọ̀wọ́ rẹ̀, sípíríǹgì á ti gbogbo rẹ̀ padà. Bí a bá rọra gbé e sókè, ohùn á ròkè díẹ̀. Kò tún sí àṣírí mìíràn níbẹ̀.

Oríṣiríṣi ni ó wà, a sì ní láti mọ èyí tí ó bá gìtá wa mu. Èyí tí a ń pè ní B6 wà fún gìtá tí inú rẹ̀ ṣófo; ìdí gìtá, níbi tí igi ti nípọn, ni a ti ń dè é, kò sí ìṣó kankan tí yóò wọ ojú gìtá. Èyí tí a ń pè ní B5 wà fún gìtá tí igi rẹ̀ kún, tí ojú rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ojú gìtá gan-an ni ìṣó mẹ́rin rẹ̀ ń wọ̀. Èyí tí a ń pè ní B7 wà fún gìtá tí igi rẹ̀ kún ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ yọ gọ̀bì bí ẹ̀yìn ìjàpá. Apá kan rẹ̀ ń di ìdí gìtá mú, apá kejì ń di ojú rẹ̀ mú. Gìtá ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ èyí tí ojú rẹ̀ yọ gọ̀bì, B7 sì ni ọmọ náà rà. Ó rà á ire.

Ibi tí ó fẹ́ dè é sí ni kò ire. Ó ti fi pẹ́ńsù sàmì sí ojú gìtá. Mo bi í bí ó ti ṣe mọ àárín, ó ní bọ́tìnì ìdí gìtá, èyí tí a ń fi okùn èjìká kọ́, ni òun tẹ̀ lé. Mo wí fún un kí ó mú òwú dúdú kan wá. A na òwú náà láti àárín orí ọrùn gìtá, a gbà á gba àárín ọrùn níbi tí ó ti pàdé ara gìtá, a sì fà á dé ìdí. Kí ni a rí? Àmì pẹ́ńsù ọmọ náà yà kúrò lára òwú ní ìdá mẹ́rin ínṣì. Bọ́tìnì náà kò sí ní àárín gan-an láti ọjọ́ tí wọ́n ti kàn án. Bí ó bá ti lu ihò síbẹ̀ ni, irin á máa fa okùn sí ẹ̀gbẹ́ kan, okùn á sì máa yọ́ kúrò nínú àlà rẹ̀ lórí bíríìjì, ìyẹn irin tí okùn ń gbà kọjá kí ó tó dé ọrùn. Yóò wá ní láti lu òmíràn. Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ihò ara igi dà bí ẹyin tí ó bọ́ lọ́wọ́ ẹni. A lè dí i, a lè kùn ún, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ gìtá yóò mọ̀ pé ohun kan ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ọmọ náà wo òwú, ó wo àmì rẹ̀, kò sọ ohunkóhun. Ìyá rẹ̀ náà wò ó láti ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀nà kan wà tí a kò fi ní lu ihò rárá. Irú gìtá bẹ́ẹ̀ máa ń ní irin ìso okùn, èyí tí bóòtù ńlá méjì dì mú sí ojú gìtá. Bí a bá tú irin náà kúrò, ihò bóòtù méjèèjì wà níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe gìtá ni ó lù wọ́n. Àwọn kan ti ṣe irin pẹlẹbẹ, Vibramate ni orúkọ ọ̀kan nínú wọn, tí a ń fi bóòtù dè sínú ihò méjèèjì yẹn àti ihò bọ́tìnì ìdí gìtá. Orí irin pẹlẹbẹ yìí ni irin amóhùnmì yóò gùn. Ọjọ́ tí a bá fẹ́, a ó tú gbogbo rẹ̀, gìtá á sì padà sí bí ó ti wà. Mo ṣàlàyé èyí fún ìyá ọmọ náà. Ó ní, "Ṣé ó dá yín lójú pé yóò padà?" Mo ní, "Ó dá mi lójú, ìyàwó wa." Ó ní kí a máa ṣe é nígbà náà, ṣùgbọ́n ó ṣì dúró.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi dúró de irin pẹlẹbẹ náà. Nígbà tí ó dé, báyìí ni a ṣe dè é. A kọ́kọ́ dẹ okùn díẹ̀díẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, a kò gé e lójijì, nítorí ọrùn gìtá tí ó ti gbé ẹrù fún ọ̀pọ̀ ọdún kò fẹ́ kí a sọ ẹrù náà kalẹ̀ gbì. A tú irin ìso okùn, a fi í sínú àpò kékeré pẹ̀lú bóòtù rẹ̀. A nu eruku. A tẹ́ awọ pẹlẹbẹ sí abẹ́ irin kí ó má baà họ fáníìṣì. A fi bóòtù sí ihò gbogbo lákọ̀ọ́kọ́ láìfún wọn. Nígbà tí gbogbo wọn ti wọlé geere ni a tó wá fún wọn, ọ̀tún díẹ̀, òsì díẹ̀. A tún na òwú wa, a sì rí i pé àárín irin wà lábẹ́ òwú.

Okùn ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bí wa nínú jù. Bí a bá kọ́ orí okùn sí èèkàn ara ọ̀pá, tí a sì fẹ́ fa ìdí rẹ̀ lọ sí orí gìtá, á tún yọ. Ọgbọ́n tí a dá ni pé a fi ẹ̀mú tẹ orí okùn náà kọ̀rọ̀kọ̀ kí a tó kọ́ ọ, ó sì yí ara rẹ̀ ká ọ̀pá bí ejò. Lẹ́yìn náà ni ó gba abẹ́ irin kejì tí ó wà níwájú, kí ó tó gun orí bíríìjì.

Bí gìtá yín kò bá ní ihò bóòtù bẹ́ẹ̀, tí ẹ sì ti pinnu pé ẹ ó lu ihò, ẹ gba ìmọ̀ràn mẹ́rin. Ẹ na òwú àárín, ẹ sì jẹ́ kí ẹlòmíràn tún un nà lẹ́yìn yín. Ẹ lẹ téèpù mọ́ ojú gìtá kí fáníìṣì má baà bó. Ẹ fi irin ìluhò tí ó tín-ín-rín ju ìṣó lọ lù ú, kí ẹ sì wé téèpù mọ́ irin ìluhò náà níbi tí ẹ fẹ́ kí ó jìn mọ, kí ó má baà lu gìtá já. Ẹ fi ọṣẹ gbígbẹ pa ara ìṣó kí ó lè yí wọlé wẹ́rẹ́. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má ṣe lo ẹ̀rọ ìluhò láìjẹ́ pé àgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

A parí, a so gìtá mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Hùùùn ni ó ń ké, bí oyin. Ọmọ náà ní irin náà ti bàjẹ́. Mo ní kí ó fọwọ́ kan okùn. Kò yí padà. Mo ní kí ó fọwọ́ kan irin tí wáyà gbà wọ inú gìtá. Ariwo náà rọlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti yé mi. Nínú gìtá oníná, wáyà kan máa ń so okùn pọ̀ mọ́ wáyà ilẹ̀. Nínú gìtá tiwa, ara ọ̀kan nínú ihò bóòtù méjèèjì ni wáyà náà dé. Nítorí kí a má baà họ gìtá, a ti fi wáṣà rọ́bà sí ọrùn bóòtù. Awọ wà lábẹ́ irin, rọ́bà wà lókè rẹ̀, irin kò sì kan irin mọ́. A yọ rọ́bà náà, ariwo dákẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí o: bí ẹ bá fọwọ́ kan okùn gìtá tí ó sì gbọ̀n yín jìnnìjìnnì, ẹ má wá ìdí rẹ̀ lára gìtá. Ẹ pa iná, ẹ yọ wáyà, ẹ sì pe oníná kí ó wo ẹ̀rọ agbóhùnsókè àti sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé yín, bóyá wáyà ilẹ̀ wà níbẹ̀. Iná ti pa olórin rí.

Ìṣòro kan ṣẹ́ kù. Bí ọmọ náà bá tẹ ọwọ́ irin tí ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀, okùn kẹta á padà wá sókè ju bí ó ti wà lọ, á sì dún "tíń" lórí ọrùn. Ìdún yẹn ni ó tú àṣírí. Egungun kékeré kan wà ní orí ọrùn gìtá, tí okùn ń gba inú àlà rẹ̀ kọjá lọ sí ibi èèkàn. Ike líle ni wọ́n fi ń ṣe é lára gìtá mìíràn. Bí okùn bá dẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ á yọ́ gba àlà yìí lọ sí apá èèkàn. Bí a bá jọ̀wọ́ irin, ó yẹ kí ó tún yọ́ padà. Bí àlà bá há, kò ní lè padà tán, okùn á wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A fi ẹnu pẹ́ńsù ra inú àlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, a sì fi ra ibi tí okùn fi ara kan bíríìjì pẹ̀lú, nítorí dúdú pẹ́ńsù máa ń mú nǹkan yọ̀. A rí i pé okùn náà wé èèkàn púpọ̀ jù, a tú u, a sì wé e ní ìwọ̀nba. A fi ọwọ́ rọra fa okùn tuntun kọ̀ọ̀kan títí kò fi nà mọ́. Lẹ́yìn èyí, ọmọ náà tẹ irin ní ìgbà mẹ́wàá. Ohùn padà sí àyè rẹ̀ ní ìgbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Ẹ má retí kí irú irin yìí mú ohùn já lulẹ̀ pátápátá. Wíwálẹ̀ díẹ̀ tí ó dára létí ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí iyọ̀ inú ọbẹ̀ ni ó rí. Ẹni tí ó bá ń tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin yóò sú àwọn tí ń gbọ́ ọ. Ìgbà tí orin bá fẹ́ sinmi, tí okùn ṣì ń dún lọ, ni kí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ta orin kan tí bàbá rẹ̀ fi máa ń parí òde. Nígbà tí ó dé ìparí, ó rọra tẹ irin náà, ohùn sì mì lọ títí ó fi pa rẹ́. Bàbá rẹ̀ kò ní irin bẹ́ẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Ìka ni ó fi ń fa okùn lórí ọrùn kí ó lè mì. Ìyá ọmọ náà fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀, ó wọlé, ó jókòó. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ó tún un ta." Nígbà tí ó fẹ́ lọ sílé, ó gba àpò kékeré tí irin ìso okùn àtijọ́ wà nínú rẹ̀, ó fi aṣọ tí ó ti fi ń wé gìtá wé e, ó sì wí fún ọmọ rẹ̀ pé, "Gìtá di tìrẹ. Èyí di tèmi."

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ohun tí bàbá yín bá fi sílẹ̀, ẹ lò ó, kí ẹ má sì bà á jẹ́. Ẹ wá ọ̀nà tí ó ní àbọ̀ kí ẹ tó gba ọ̀nà tí kò ní àbọ̀. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá gbé ẹ̀rọ ìluhò dé, ẹ má kàn lé e jáde. Ẹ wá òwú, kí ẹ jọ wọn àárín.